Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Bá Mi Pín Bàbá Mi

Ní Sátidé tó kọjá, mo yà sí ilé ìjọsìn wa ní Gwarinpa láti mú agboòrùn tí mo gbàgbé síbẹ̀. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tún ilé ṣe. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ń fi àkísà kun ilẹ̀ ní pọ́líìṣì pupa, irú èyí tí mo rò pé wọn kì í tà mọ́. Òórùn náà kọ lù mí kí n tó rí ohun tó ń ṣe. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀." Mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí Galadimawa, inú mi sì kún fún owú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Abuja ìsinsìnyí kò lè mọ bí ìhà ibẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Gbogbo ibi tí ẹ ti ń rí ilé alájà àti géètì ńláńlá yìí, oko iṣu àti ọkà bàbà ni. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, a ó ti rí eruku rẹ̀ tipẹ́ kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin Gbagyi, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, máa ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá pẹ̀lú igi ìdáná lórí èjìká, nítorí wọn kì í fi orí ru ẹrù. Wọ́n á kí mi ní Hausa pé, "Sànnu," èmi náà á ní, "Yauwa." Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan, mo gbé korobá omi lé èjìká bíi tiwọn. Kí n tó délé, gbogbo omi náà ti dà sí mi lára. Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n kúkú wá gba ọṣẹ.

Inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Kristẹni kan là ń gbé. Àwọn ọmọbìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tí òbí wọn ti Èkó ṣí wá tẹ̀lé iṣẹ́. Ìyá mi náà wà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan nínú ìlú. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á ti gbé e lọ kí oòrùn tó yọ, kò sì ní í padà títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ni àlùfáà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà jẹ́. Kì í ṣe ìwàásù ọjọ́ Àìkú nìkan. Bàbá mi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sunkún ilé, ẹni tó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tó ń gbàdúrà láti ọjọ́ tó ti wọlé tó sì dá a lójú pé Ọlọ́run kò gbọ́ rárá. Ó pín wọn sí agbo ilé, ó da àgbà pọ̀ mọ́ kékeré. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹun pọ̀, wọ́n ń gbàdúrà pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹnì kan bá sì ṣàìsàn nínú wọn, àwọn ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo rò pé mo lè wà nínú ọ̀kan. Mo lọ jókòó sí tábìlì wọn lọ́jọ́ kan, mo sì ti bu ìrẹsì sẹ́nu kí ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá agbo ilé náà tó rọra tẹ̀ mí léjìká pé, "Àbúrò, lọ bá Mọ́mì ẹ nílé." Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́, mi ò sí nínú wọn.

Bàbá mi, àwọn ló ni ín. Wọ́n kì í pè é ní "Àlùfáà." "Bàbá" ni wọ́n ń pè é. Bàbá, ẹ káàárọ̀. Bàbá, ẹ wò ó. Bàbá, ẹ bá mi gbọ́. Mo ní kí n ka iye ìgbà tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ṣápẹ́ẹ̀lì dé ẹnu ọ̀nà wa. Mo kà á dé mọ́kànlélógún, omijé sì mú kí n ṣì í kà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀sán Sátidé. Bàbá mi á gbé àga méjì sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀. Àwọn tó kù á tò sórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọn ò ti ní í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti ojú fèrèsé ìdáná, mo máa ń wò ó bó ṣe ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí kò sọ nǹkan kan. Bí èmi bá ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, ìwé ló máa ń kà lọ. "Ẹn-ẹ́n? Ẹn-ẹ́n?" Mo wí fún un lọ́jọ́ kan pé ewúrẹ́ ti jẹ ṣòkòtò rẹ̀ lórí okùn. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é."

Ó ṣẹlẹ̀ pé nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Mojí ni orúkọ rẹ̀, ará Ìyàgbà ni wọ́n, ó tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé, ó padà wá, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí olùkọ́ bá bi í léèrè, á kàn wo ilẹ̀. Ó ní awò ojú kan tó nípọn, tó fi òwú dúdú so apá kan rẹ̀, nítorí láìsí i, kò lè rí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí kò jẹun dáadáa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bàbá mi gbé àpótí rẹ̀ wá sílé wa.

Ó ní, "Àǹtí Mojí á máa bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀. Yàrá ẹ ló máa sùn sí."

Mojí kò dá ẹnikẹ́ni lóró. Ó ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń jókòó sí igun. Ṣùgbọ́n ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ ń lọ sínú àwo rẹ̀. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á ní, "Mojí, jẹ́ ká rìn díẹ̀," wọn á sì yí pápá ká, àwọn méjèèjì, láìsọ̀rọ̀. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ yẹn, tèmi ni tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ni nǹkan tí mo ní tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá mi pín.

Mo kọ̀ láti pè é ní Àǹtí. Ìyá mi gbọ́ bí mo ṣe pe orúkọ rẹ̀ ní ṣákálá, ó ní, "Ta lò ń pè ní Mojí? Ẹgbẹ́ ẹ ni?" Láti ọjọ́ náà, mi ò pè é ní ohunkóhun mọ́. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá kàn wúkọ́. Mo wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ra oògùn ikọ́ fún mi, mo sì ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́ nítorí mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe mí.

Ìsìn Ìkórè ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá mi ti ṣèlérí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé èmi ni màá ka Bíbélì lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ti há ibi tí màá kà sórí. Mo kà á fún àwọn ewúrẹ́, mo kà á fún àwọn obìnrin Gbagyi tó ń kọjá. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi pè mí.

Ó ní, "Mo fẹ́ kí Mojí bá wa kà á. Ohùn rẹ̀ ti há sínú rẹ̀. Bóyá á rí ọ̀nà jáde níbẹ̀."

Mo ní, "Ohùn tèmi ńkọ́?"

"Ohùn tìẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. "Ohùn tìẹ ń dé Lokogoma lọ́hùn-ún."

Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Bó bá bá mi wí ni, ì bá sàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìkórè, nígbà tí Mojí ń wẹ̀, mo mú awò ojú rẹ̀ lójú fèrèsé, mo sáré lọ sí ṣápẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti kó iṣu àti àgbàdo sídìí pẹpẹ. Wọ́n sì ti kun ilẹ̀ lánàá, gbogbo ibẹ̀ ń dán, ó ń rùn fún pọ́líìṣì. Kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kó àkísà àti agolo pọ́líìṣì sí. Mo fi awò náà sábẹ́ àwọn àkísà, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì lọ jókòó bí ọmọ dáadáa.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Mojí sọ fún ìyá mi pé, "Mọ́mì, mi ò rí awò ojú mi," ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi máa gbọ́ ju "ẹ ṣé" lọ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wá a títí. Nígbà tí wọ́n dé, orin ti bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ti wà níwájú, kò sì mọ nǹkan kan.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi Bíbélì. Ó tẹ orí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé náà. Ó la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ẹyẹlé ń rìn lórí páànù, a sì ń gbọ́ èékánná wọn. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹnì kan sì gbá a. Bàbá mi dìde. Kò gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró tì í, ó ń ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i létí, ó sì ń dúró kó sọ ọ́ tẹ̀lé òun. Mojí mi orí. Ó fi ọwọ́ di bẹ́ǹṣì mú, láti ọ̀kan dé èkejì, títí ó fi padà sí ìjókòó rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ń yọ̀ àti pé kò ríran.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ka Bíbélì náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí mi. Mo rò pé inú mi á dùn. Mo jókòó, mo ń retí ìdùnnú náà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò dé.

Nígbà tí mo lọ mú awò náà jáde lọ́sàn-án, mo rí i pé agolo ti wó lé e. Dígí kan ti là láàárín. Mo fi í sójú fèrèsé, mo sá lọ sídìí okùn aṣọ. Ibẹ̀ ni Mojí bá mi. Ó ti wọ awò rẹ̀ tó là.

Ó ní, "Ìwọ lo mú un." Kì í ṣe pé ó ń bi mí. "Òórùn pọ́líìṣì ló wà lára ẹ̀, òun náà ló sì wà lọ́wọ́ ẹ."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?" Mo ṣàkíyèsí pé mo ti sọ "ẹ" sí i.

"Tí mo bá sọ, wọ́n á bú ẹ."

"Ẹn."

"Wọ́n á sì tún pè ẹ́ wá jẹun." Ó ń ká aṣọ, kò wo ojú mi. "Inú ti ń bí mi sí ẹ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Màámi ti kú, ìwọ sì ń bínú nítorí ẹran. Lójoojúmọ́ ni Mọ́mì ẹ ń pariwo pé kó o lọ wẹ̀, pé kó o wá wọ bàtà ẹ. Mo máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ọ."

Ó gbé agbọ̀n aṣọ wọlé. Mi ò tíì gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ìbínú sí mi ló sì fa gbogbo rẹ̀ jáde.

Mo gbé e sínú fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní Sátidé, mo lọ tò sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ máńgòrò. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló ṣáájú mi. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Nígbà tó kàn mí, bàbá mi gbójú sókè, ó wò mí díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mò ń gbọ́," ó ní.

Mo ti to ọ̀rọ̀ nípa awò ojú sẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Ẹ fẹ́ràn wọn jù mí lọ." Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti awò, ti kọ́bọ́ọ̀dù, ti dígí tó là, pẹ̀lú ikun nímú.

Ó ní, "Ta ló ní o gbọ́dọ̀ tò kó o tó rí mi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà. Ibí nìkan lẹ ti máa ń gbọ́ràn."

Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Àwọn bàbá ìgbà náà kì í bẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rù sì bà mí ju bó ṣe máa nà mí lọ. Ó tún ní, "Ìwọ náà ṣẹ Mojí. Tèmi kò pa tìẹ rẹ́. Báwo lo ṣe fẹ́ tún un ṣe?"

Èmi ni mo mú ìdáhùn wá. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dígí tuntun tó ti ìlú dé, nítorí náà mo ní màá máa ka ìwé rẹ̀ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, màá sì máa ka ìwé kíláàsì tí ó ju ọpọlọ mi lọ. Orúkọ àwọn egungun ara, orúkọ àwọn kòkòrò, mo ń fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹrin, mo pe orúkọ egungun kan bí ẹni ń pe orúkọ oyè kan ní Ìyàgbà. Mojí bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó ní, "Kai! Tún un pè!" Ìyá mi yọ jáde láti ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó dúró, ó ń wò wá. Bí ohùn rẹ̀ ṣe padà nìyẹn. Bàbá mi tó fẹ́ kí ohùn náà padà nínú ṣápẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ ọ láti yàrá ìwé rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Àǹtí Mojí, mi ò sì wúkọ́ mọ́. Ìyá mi ní oògùn náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owú mi tán. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí agbo ilé rẹ̀, gbogbo wọn sì yí i ká. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Owú náà kàn yí padà ni: Àǹtí Mojí ni wọ́n ń bá mi pín báyìí. Bàbá mi ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú sọ́tọ̀ fún èmi nìkan. Ní ọjọ́rú mìíràn, a kò ní í tíì yí pápá ká tán tí ẹnì kan á fi sáré wá, "Bàbá! Bàbá!" Á wò mí, màá wo ilẹ̀, á sì tẹ̀ lé e lọ. Kò yí padà tán. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí kó tó lọ, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní òpin ọdún náà, àbúrò bàbá Mojí wá mú un lọ sí Ìlọrin. Ó kọ lẹ́tà méjì sí mi. Mo fèsì èkejì, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ tó ń jẹ́ nílé ọkọ, mi ò mọ ibi tó wà. Mo ti wá a dé àárín àwọn ará Ìyàgbà tí wọ́n ń ṣe ìpàdé nílùú yìí. Wọ́n ní Mojí pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣì wà. Ilé ti yí i ká, ọ̀dà ti bo ọ̀nà erùpẹ̀ náà, wọ́n sì ti gé igi máńgòrò láti fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn òbí. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ báyìí ní ọ́fíìsì, ó sì ní ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ orúkọ sí kí wọ́n tó rí i. Èèyàn dáadáa ni. Wọ́n ní agbo ilé ṣì wà, wọ́n sì ṣì ń fọ aṣọ aláìsàn.

Bàbá mi ti di arúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé ní Lokogoma. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti lọ lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí orí tiwọn náà ti funfun máa ń pè lórí fóònù láti ibi gbogbo, wọn á sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún Bàbá mi." Àwọn kan ń sunkún. Àwọn kan fẹ́ kó gbàdúrà fún ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń jẹ́ Mojí. Lẹ́yìn náà, màá gbé fóònù sí bàbá mi létí, màá dì í mú títí apá á fi máa ro mí, màá sì máa gbọ́ bí obìnrin tó lọ́mọ-ọmọ ṣe ń pe bàbá mi ní bàbá tirẹ̀.

Mo ṣì ń jowú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pè, èmi ni mo máa ń pè wọ́n.